Láti 2G dé 5G: èwo ni kí a mú, èwo ni kí a fi sílẹ̀ ní Benin?



Ẹ wo òkè fóònù yín nígbà tí ìpè bá wọlé. Ọ̀pọ̀ fóònù tó ń fi 4G hàn yóò ṣàdédé sọ̀kalẹ̀ sí 3G tàbí E. Bí ọ̀rọ̀ bá parí, 4G á padà wá. Ìtàn kan ló fa èyí.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, kabíìnì la ti ń pe èèyàn. A ó tò, a ó sì máa wo aago tó ń ka owó lé wa lórí. Ní 2000 ni rẹ́sò GSM, tí í ṣe 2G, dé Benin. Rẹ́sò yìí ni ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ilẹ̀ Finland ti bẹ̀rẹ̀ sí lò ó láti 1991. Tiyín dé ní 2001, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan san mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ìwé àṣẹ. Ohùn àti àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Japan bẹ̀rẹ̀ 3G ní 2001. Ó di 2012 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 4G, tí wọ́n ṣe fún íntánẹ́ẹ̀tì láti ìpìlẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò lè gbé ohùn gba orí 4G, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Ní 2018, ìjọba wa fẹ́ máa gba sẹ́fà 5 lórí mẹgabáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá fi wọ Facebook àti WhatsApp. Ariwo sọ, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti kúrò ní nǹkan fàájì.

Wàyí o, 5G ti wọ Nàìjíríà láti 2022. Àwọn kan ní kí àwa náà sáré, kí a sì pa 2G rẹ́ bí AT&T ṣe pa tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2017. Ẹ jẹ́ ká rò ó. Orí 3.5 GHz ni Nàìjíríà gbé 5G lé, ìyẹn kì í rìn jìnnà bíi 900 MHz tí 2G ń lò. Òpó á pọ̀, iná mànàmáná tí yóò jẹ á pọ̀.

Ẹ tún wo ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ouando. Fóònù kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòdù oníràwọ̀ tó ń tẹ̀ láti gba owó oníbàárà, orí 2G ló ń gbà. Bí a bá pa 2G lónìí, a ti gba àpò owó lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní tèmi, kí 4G kọ́kọ́ dé gbogbo abúlé Kétu àti Pọ́bẹ̀, kí fóònù rẹ̀ sì rọjú. 5G lè dúró díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan 2G títí ìyá aláta yóò fi rí òmíràn lò.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìdí-Ìrókò àti Ìgòlò, tí fóònù yín ń mú rẹ́sò orílẹ̀-èdè méjì, kí lẹ rí sí i?