Pópó Àgùdà: Ohun tí Ó Wó àti Ohun tí Ó Kù

Bí àwọn olùkọ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà bá ń gbèrò láti kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ìlú àtijọ́, Ilé-Ifẹ̀, Abẹ́òkúta tàbí Àgbádárìgì ni ọkàn sábà máa ń lọ. Èrò náà kò burú. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan wà nínú ìlú ńlá, ní òdìkejì ọ̀sà, tí ó ní ìtàn, iṣẹ́ ọnà àti oúnjẹ tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí Afárá Kẹta ní 1990, ibẹ̀ kò jìnnà sí Bàrígà mọ́. Pópó Àgùdà ni orúkọ rẹ̀, ní Erékùṣù Èkó. Bàrígà pàápàá kì í ṣe àjèjì sí erékùṣù náà. CMS Grammar School, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, tí Thomas Babington Macaulay dá sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1859, lo ọgọ́rùn-ún ọdún níbẹ̀ kí ó tó kó wá sí Bàrígà ní 1959.

Ta ni à ń pè ní Àgùdà? Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí ogun kó lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí a sì tà sí ilẹ̀ Bùràsíìlì, pàápàá sí Bàhíà. Ní 1835, àwọn ẹrú àti òmìnira tí ó jẹ́ Mùsùlùmí dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní Bàhíà. Ọ̀tẹ̀ náà kò yọrí sí rere. Ìjọba lé àwọn kan padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn tí wọ́n ti fi owó ra ara wọn sì rí i pé ilẹ̀ náà kò ṣe é gbé mọ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kọjá ọdún 1888 tí Bùràsíìlì fòpin sí ẹrú níní. Ogun ṣì ń jà ní òkè nígbà náà. Ọ̀pọ̀ kò lè padà sí ìlú baba wọn, Èkó ni wọ́n sì dúró sí. Òpópónà Tókunbọ̀ ṣì ń sọ ìtàn náà fún ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá.

Wọn kò padà bí wọ́n ṣe lọ. Ẹni tí ó lọ ní ọmọdé láìmọ iṣẹ́ padà dé ní bíríkìlà, káfíńtà tàbí télọ̀. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ ní kékeré, ni ó ni Ilé Omi ní òpópónà Kakawa. Kàǹga tí ó wà nínú ọgbà ilé náà ni ó fún un lórúkọ. Ará Èkó a máa ra omi níbẹ̀ kí omi ẹ̀rọ Ìjú tó dé. Àwọn oníṣẹ́ Àgùdà, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́ tí a ṣí ní 1881. Nígbà tí Mohammed Shitta, oníṣòwò ọmọ Sàró, fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí, Àgùdà náà ni ó pè: João Baptista da Costa. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje, 1894, ni wọ́n ṣí i. Ọjọ́ náà ni oyè Bey tí Sultan ilẹ̀ Túúkì fi ránṣẹ́ tẹ Shitta lọ́wọ́. Òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ńtì yọ lára ògiri àti fèrèsé olórí róbótó tí a ń rí lára ṣọ́ọ̀ṣì ní Bàhíà ni ó ṣe mọ́ṣáláṣí náà lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ó rí i bí èèwọ̀.

Ọnà yìí kò dúró sí Èkó. Àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Àgùdà gbé e wọ Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Iléṣà, níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti di àmì ọlá. Àwọn onímọ̀ nípa ilé kíkọ́ tilẹ̀ tọ́ka sí ètò inú ilé Àgùdà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí ó la ilé já láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Ètò yìí ni ó tàn kálẹ̀ dípò agbo ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a tọ́ ní Ṣómólú, nínú ilé tí yàrá ayálégbé kọjú sí ara wọn, ti ń gba inú ìtàn yìí kọjá lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Ibi tí ó dunni kò ṣe é fò. Ilé Fernandez tí ó kọjú sí Tinúbú, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, ni ìdílé Ọláìyá rà ní 1933 tí wọ́n sì sọ ní Ilọ́jọ̀ Bar. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Orúkọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í tún òrùlé ṣe. Ilé ìdílé ni ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà, àwọn ajogún pọ̀, ilẹ̀ erékùṣù sì wọ́n gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé alájà púpọ̀ kò ní í ṣòro láti rí.

Oúnjẹ ní tirẹ̀ kò ní àjògún kan pàtó. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, tí àwọn Kátólíìkì kì í jẹ ẹran, fùréjọ̀n ni wọ́n ń sè. Wọn a se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ gidigidi, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ ẹ. Wọn a wá pò ó mọ́ omi àgbọn tí wọ́n ti rin tí wọ́n sì fún, pẹ̀lú ṣúgà, wọn a tún gbé e kaná títí yóò fi ki. Ẹja àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, àwọn mìíràn a sì bu gàrí lé e. Orúkọ ẹ̀wà ní èdè Potogí ni ó di fùréjọ̀n lẹ́nu ará Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, nítorí náà kì í ṣe ìkòkò kékeré ni wọ́n ń gbé kaná. Aládùúgbò ní láti jẹ níbẹ̀. Ìdílé tí ó ti kó kúrò ní erékùṣù lọ sí Súrùlérè tàbí Yábàá kò lè gbé ògiri baba rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gbé ìkòkò lọ. Àsìkò Àjíǹde yìí kan náà ni eré Fánti àti Karẹ́tà máa ń gba ìgboro, pẹ̀lú aṣọ aláràbarà àti ìlù.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ yóò ṣe dáadáa bí ó bá yan ọ̀sẹ̀ náà, kí wọ́n mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání láti ya àwọn fèrèsé tí ó ṣì kù. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì Rere gan-an, kí wọ́n tètè dé mọ́ṣáláṣí Shitta Bey. Ọjọ́ Jímọ̀ náà ni, àwọn olùkírun a sì kún ibẹ̀ dẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sán, ní wákàtí tí wọ́n ń bu fùréjọ̀n sínú abọ́ ní àdúgbò.