Ọjọ́ Tí Afárá Cypress Wó

Òwúrọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1989, ní West Oakland, ìpínlẹ̀ California. Mọ́tò ń sáré lórí Afárá Cypress, márosẹ̀ alájà méjì tó la àdúgbò náà já láti ọdún 1957. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, ilé wọn ni wọ́n sì wó kí afárá yẹn tó ráyè dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹbí rẹ̀ ní òdìkejì, abẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà, ariwo ọkọ̀ lórí, òjìji lẹ́sẹ̀.

Aago 5 ìrọ̀lẹ́. Àsìkò yìí ni ọ̀nà máa ń há gádígádí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù béèsìbọ́ọ̀lù Oakland àti ti San Francisco fẹ́ wàákò ní 5:35, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti tètè kúrò níbi iṣẹ́ lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù ló yọ wọ́n.

5:04. Ilẹ̀ mì tìtì, bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré. Ẹrẹ̀ rírọ̀ etí omi ló wà lábẹ́ apá àríwá afárá náà, ó sì ń gbọ̀n ju ilẹ̀ líle lọ. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ kan lọ́dún 1971 ni wọ́n ti fi wáyà irin so àjà afárá mọ́ra. Òpó tó gbé àjà náà dúró ni wọn kò tún ṣe. Òpó là níbi oríkèé, àjà òkè já lu ti ìsàlẹ̀, ó lé ní máìlì kan. Èèyàn 42 kú sínú rẹ̀.

Kí eruku tó rọlẹ̀, ará àdúgbò ti dé. Wọ́n gbé àkàbà, wọ́n gbé okùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìtòsí wa ọkọ̀ agbẹ́rù wọn wá, wọ́n ń fi í gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀. Níbòmíì, àlàfo àárín àjà méjèèjì kò ju ibi tí èèyàn lè fi àyà fà wọ̀ lọ. Wọ́n wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ sì tún ń mì.

Nǹkan bí 6:30. Oòrùn wọ̀, iná kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi. Iṣẹ́ kò dúró títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ìjọba wá ń gbèrò láti tún afárá náà kọ́ sójú kan náà, àwọn ará àdúgbò fárígá. Wọ́n jà á títí wọ́n fi borí. Lọ́dún 1997 ni ọ̀nà tuntun ṣí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin, owó rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn kan tí òun náà tún sún mọ́ ilé wọn pẹjọ́, ọ̀nà ṣì gba ibẹ̀ kọjá. Ojú ibi tí afárá ti dúró tẹ́lẹ̀, igi àti koríko ló wà níbẹ̀ báyìí. Mandela Parkway ni wọ́n ń pè é.