Dígí Ifẹ̀ ní Ọrùn àti ní Ìdí

Okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan náà tí ó yẹ ọrùn lè di ti ìdí bí ó bá gùn tó. Èyí kò fa àríyànjiyàn rí. Àwọn tí ó ṣe dígí ìlẹ̀kẹ̀ náà ni a ń jiyàn lé lórí. Ní ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí ìkòkò tí dígí dì mọ́ inú rẹ̀ ní Igbó Olókun, síbẹ̀ ó sọ pé ìyókù ọ̀làjú Atlantis ni ohun tí òun rí ní Ifẹ̀. Ìdí ọmọ ẹni kì í burú kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn: ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ṣì ń tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ ni òwe yìí ń bá wí.

Àwọn mìíràn gbà pé ará Ifẹ̀ ni ó ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní dígí òkèèrè ni ó ń yọ́. Ìwalẹ̀ Abídèmí Babalọlá, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2017, mú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 jáde ní Igbó Olókun. Kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú dígí wọn lọ́nà tí kò bá ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a tún rí ní Gao, lẹ́bàá odò Ọya, ní ilẹ̀ Mali.