Ẹgbẹ́ Àwọn Oníléeṣẹ́ Ìwakùsà ní Gúúsù Áfíríkà: Láti Ọdún 1887

Ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Witwatersrand, ní ilẹ̀ Transvaal ní Gúúsù Áfíríkà, ọdún náà ni wọ́n sì tẹ Johannesburg dó. Wúrà ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kíkó rẹ̀ le. Ó fọ́n ká wínníwínní sínú àpáta tó jìn lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gíráàmù díẹ̀ ní láti fọ́ òkúta rẹpẹtẹ. Iye tí wọ́n ń ra wúrà lágbàáyé sì dúró sójú kan. Oníléeṣẹ́ kankan kò lè bu owó lé e, èrè rẹ̀ wà nínú kí ìnáwó dín kù. Ìyẹn ló mú wọn para pọ̀.

Ọdún 1887 ni wọ́n kọ́kọ́ dá Chamber of Mines sílẹ̀. Ní 1889 wọ́n tún un tò, Hermann Eckstein sì di ààrẹ. Ẹgbẹ́ náà ni ẹnu àwọn oníléeṣẹ́ níwájú ìjọba Paul Kruger, ààrẹ Transvaal. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta wọ́n gógó, nítorí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìjọba fún láṣẹ láti máa tà á. Owó ọkọ̀ ojú irin náà ga. Lórí ẹ̀tọ́ fífi sáyánáìdì yọ wúrà, ẹgbẹ́ lọ sílé-ẹjọ́, ó sì jàre ní 1896.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló gba agbára ẹgbẹ́ jù. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń fa òṣìṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, owó ọ̀yà á lọ sókè. Nítorí náà, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba òṣìṣẹ́ fún gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1900, tí àwọn ará abúlé ń pè ní Wenela, ń kó èèyàn wá láti Mozambique àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Láàárín 1904 sí 1910, àwọn ará Ṣáínà tó lé ní 60,000 ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ tí àwọn oníléeṣẹ́ gbá jọ yìí ni wọ́n fi tẹ owó ọ̀yà àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin fi aya àti ọmọ sílé, wọ́n ń sùn nínú ọgbà olódi, eruku àpáta sì ba ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ wọn jẹ́.

Ní 1920 ẹgbẹ́ dá Rand Refinery sílẹ̀ ní Germiston, kí wúrà lè máa di mímọ́ nílé dípò Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn awakùsà aláwọ̀ funfun yarí, nítorí àwọn oníléeṣẹ́ fẹ́ fi aláwọ̀ dúdú tí owó rẹ̀ kéré rọ́pò àwọn kan nínú wọn. Ìjọba Jan Smuts rán ológun àti ọkọ̀ òfuurufú sí wọn, nǹkan bíi 200 èèyàn sì kú. Ní oṣù kẹjọ 1946, ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakùsà aláwọ̀ dúdú daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ṣílè mẹ́wàá ni àwọn fẹ́ máa gbà lóòjọ́. Ẹgbẹ́ kọ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá sì pa ó kéré tán mẹ́sàn-án nínú wọn.

Ní 1967 owó wúrà Krugerrand jáde. Nígbà tó fi di 1970, wúrà tí Gúúsù Áfíríkà wà jáde lọ́dún kan tó 1,000 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n àwọn awakùsà náà ti kọ́ bí a ṣe ń gbá ọwọ́ jọ. Ní 1982 wọ́n dá National Union of Mineworkers sílẹ̀, Cyril Ramaphosa sì ni akọ̀wé àgbà. Ní 1983 Chamber gbà láti bá wọn dúnàádúrà. Ní 1987, awakùsà tó lé ní 200,000 fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní oṣù karùn-ún 2018, ẹgbẹ́ pa orúkọ dà sí Minerals Council South Africa. Lónìí ó ń ṣojú fún àwọn tó ń wa platinum, èédú, irin àti dáyámọ́ńdì pẹ̀lú wúrà.