Ọ̀nà Wo Ló Yẹ Kí Ètò Java Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Gbà Pa Àkọsílẹ̀ Mọ́?

Ní ìparí oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera a ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí, wọn a ka iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti iye aboyún tó wá fún àyẹ̀wò, wọn a sì fi àròpọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ní agbègbè Òmùò-Èkìtì, Òmùò fúnra rẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, ìyẹn Ìlà-Oòrùn Èkìtì. Inú DHIS2 ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ń lọ káàkiri Nàìjíríà, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Yunifásítì Oslo ní Norway ń bójú tó. Èdè Java, tí iléeṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde lọ́dún 1995, ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ohun tó wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í dúró. Bí iná bá lọ (ta ni kò mọ iná tiwa?), ó ti pòórá nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú àtẹ onílà àti olópòó, irú èyí tí Edgar Codd ṣàlàyé lọ́dún 1970. Bí Java yóò ṣe máa bá àtẹ náà sọ̀rọ̀ ni àríyànjiyàn wà lé lórí.

JDBC, tó ti wà láti 1997, ló lọ tààrà jù. Ẹni tó ń kọ ètò ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ìbéèrè ní èdè SQL. Kò sí ohun tó pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n bí òpó kan bá yí padà nínú àtẹ, ibi púpọ̀ ló ní láti tún ṣe.

Gavin King bẹ̀rẹ̀ Hibernate lọ́dún 2001 láti mú wàhálà yìí kúrò: èèyàn á ṣàpèjúwe aláìsàn ní Java, Hibernate á sì kọ SQL fúnra rẹ̀. Ìlànà JPA ti ọdún 2006 wá sọ irú ọ̀nà yìí di ti gbogbo ayé. Àmọ́ ó ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ìyá 500 pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn láìkíyèsára lè fi ìbéèrè 501 ránṣẹ́ láìmọ̀: ọ̀kan fún gbogbo ìyá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń fà, òṣìṣẹ́ á jókòó títí, á sì padà sídìí ìwé rẹ̀.

DHIS2 kò fi ara mọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó ń lo Hibernate fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ lórí PostgreSQL, ṣùgbọ́n tó bá kan àròpọ̀ ńlá, ó ń ṣe àtẹ àkànṣe, ó sì ń fi SQL bi í tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ wà láàárín méjèèjì lè lo MyBatis.

Èyí tó wù kó jẹ́, bí òṣìṣẹ́ bá kọ ọ́ pé ọmọ gba abẹ́rẹ́, tí ètò sì gbọ́dọ̀ yọ abẹ́rẹ́ kan kúrò nínú iye tó kù, àkọsílẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé pọ̀, tàbí kí ìkankan má wọlé. Bí iná bá lọ láàárín wọn tí wọn kò so ó pọ̀, irọ́ ni ìwé yóò máa pa.

OpenMRS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 fún àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ń lo Java àti Hibernate bákan náà. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé NMRS lé, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV ń lò ní Nàìjíríà. Bí òṣìṣẹ́ bá pa àkọsílẹ̀ rẹ́ nínú OpenMRS, kì í parẹ́ lóòótọ́: ètò náà á kàn sàmì sí i pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó pa á, ọjọ́ tó pa á, àti ìdí rẹ̀.