Ìdí Tí A Fi Ń Ṣe Ọdún Òmìnira

Kò sí orílẹ̀-èdè kan tí kò ní ọjọ́ tí ó yà sọ́tọ̀ fún ìrántí. Àwọn ọmọ ogun Faransé a máa yan ní Paris lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù keje. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa yin iná aláràbarà sójú ọ̀run lọ́jọ́ kẹrin oṣù kan náà. Ìwọ ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú, bí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá bá dé, ìwọ a wọ aṣọ mímọ́, ìwọ a sì yan kọjá níwájú àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ o mọ ìdí rẹ̀? Ọdún tí a kò mọ ìdí rẹ̀ dà bí ìlù tí a ń jó sí láìgbọ́ ohun tí ó ń wí.

Jẹ́ kí a wo Àgbádárìgì, ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn Ègùn pọ̀ níbẹ̀, àwọn ìbátan wọn sì wà ní Àjàṣẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní Porto-Novo. Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé pàdé ní Yúróòpù, wọ́n fa ààlà gba àárín àwọn ará ilé kan náà. Nítorí èyí, nígbà tí òmìnira dé ní 1960, ẹnu ọ̀nà méjì ni ó gbà wọ ilé wọn. Dàhòmì, tí ó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ láti 1975, gba tirẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ní ọ̀gànjọ́ òru, a sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní Èkó, a sì fa àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun tí Táíwò Akínkúnmi yà sókè. Títí di òní, ẹ̀gbọ́n lè ṣe ọdún òmìnira ní Àjàṣẹ́, kí àbúrò rẹ̀ ní Àgbádárìgì sì dúró di oṣù kẹwàá.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìyá kan wà tí a ti kó lọ tipẹ́tipẹ́. Ní àkókò òwò ẹrú, a ń fi ọkọ̀ kó ènìyàn kọjá ọ̀sà Àgbádárìgì, wọn a sì fi ẹsẹ̀ la yanrìn já dé etí òkun, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kó láti Ouidah títí dé Èkó ni a tà sí oko ìrèké àwọn Faransé, ní ilẹ̀ tí ń jẹ́ Háítì lónìí. Ní 1791, àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde. Wọ́n jà fún ohun tí ó ju ọdún méjìlá lọ, títí Jean-Jacques Dessalines fi kéde òmìnira wọn lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní, 1804.

Wo bí wọ́n ti ń ṣe ọdún náà. Ọbẹ̀ elégédé ni wọ́n ń sè, tí wọ́n sì ń bù fún aládùúgbò. Àwọn òbí a máa sọ fún ọmọ wọn pé nígbà oko ẹrú, ẹrú ni ó ń se ọbẹ̀ yìí, ọ̀gá ni ó ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ òmìnira, ẹni tí ó sè é ni ó jẹ ẹ́. Nítorí náà, ọmọ kékeré tí ó bá gbé ṣíbí sẹ́nu ti kọ́ ìtàn àwọn baba rẹ̀. Ní 2021, àjọ UNESCO ka ọbẹ̀ náà mọ́ ogún àṣà aráyé.

Àwa náà ń se oúnjẹ lọ́jọ́ òmìnira, ṣùgbọ́n ìtàn wo ni a ń bù mọ́ ọn? Àwọn tí ó fi ojú ara wọn rí ọjọ́ náà ní 1960 ti di arúgbó; wọn kò sì pọ̀ mọ́. Tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọn kò lè ṣe kí òmìnira tó dé, ohun tí wọ́n retí lọ́dọ̀ rẹ̀, àti èyí tí kò tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Fi èsì wọn sọ́kàn, nítorí odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.