Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Ìtàn Omi Mímu fún Alárùn Rọpárọsẹ̀ láti Ìbàdàn dé Kúta

Àṣamọ̀
Àpilẹ̀kọ yìí tọpa ìtàn bí èrò àwọn oníṣègùn nípa omi mímu fún alárùn rọpárọsẹ̀ ṣe yí padà, láti ìdajì ọ̀rúndún ogún títí di òní. Ó fi hàn pé ìmọ̀ náà kò dá lé ẹ̀rọ olówó gọbọi nìkan: ìjókòó aláìsàn, ìwọ̀n omi, ìmọ́tótó ẹnu àti ojú tí ń ṣọ́ni ló kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ìlú Kúta ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n ohun tí ìmọ̀ náà lè jẹ́ nínú agbo-ilé.

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi lọ àlejò. Omi náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń wá fún ẹni tó ṣubú lulẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, ìfẹ́ tó wà nínú ife omi yẹn lè di ewu. Ní ọdún 2005, Rosemary Martino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbọ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ. Wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ ọ̀fun wò, ènìyàn 64 sí 78 nínú 100 alárùn yìí ni kò lè gbé nǹkan mì bó ti yẹ. Ewu òtútù àyà fún wọn jẹ́ ìlọ́po 3 ti àwọn tí ọ̀fun wọn dá ṣáṣá; bí oúnjẹ tàbí omi bá sì ń wọ ọ̀nà èémí wọn, ó ń di ìlọ́po 11. Kì í ṣe àrùn tó gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ nìkan ló ń pani. Ohun tó tẹ̀lé e náà ń pani.

Bí Omi Ṣe Ń Ṣìnà
Ọ̀nà méjì ló pàdé lẹ́yìn ahọ́n: ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí. Bí ẹni tí ara rẹ̀ le bá ń gbé nǹkan mì, gògóńgò á sún sókè, ìdérí kan á bo ọ̀nà èémí, èémí á sì dúró díẹ̀ kí ohun tó wà lẹ́nu lè kọjá. Ọpọlọ ló ń darí gbogbo rẹ̀. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ bá dí tàbí tó bẹ́, ìdarí yìí á falẹ̀. Omi sì ń sáré ju ẹ̀kọ lọ. Ó lè ti dé ẹnu ọ̀nà èémí kí ìdérí tó bò ó. Yorùbá ti ní gbólóhùn fún un tipẹ́: omi pá a lórí. Ẹni bẹ́ẹ̀ á wúkọ́, ohùn rẹ̀ á sì máa dún bíi ti ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀. Àmọ́ alárùn mìíràn wà tí omi ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láìwúkọ́ rárá, nítorí ọ̀fun náà ti kú tipiri. Èyí ni aráalé kì í tètè fura sí.

Àṣà Rírọ
Ọgbọ́n fífi ọwọ́ bọ́ ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ilé ìwòsàn tó dé. Nínú àṣà rírọ ọmọ, ìyá á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi ọwọ́ ṣe kòtò sí ẹnu rẹ̀, á sì máa da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1991 ṣe àkọsílẹ̀ àṣà yìí ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ebi kò gbọdọ̀ pa aláìlágbára. Ewu ibẹ̀ ni pé ọwọ́ tó ti mọ́ rírọ lè fẹ́ rọ àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ gbalaja bákan náà. Bí orí bá kọ ẹ̀yìn, ọ̀nà èémí ti ṣí sílẹ̀ fún omi nìyẹn. Àléébù náà kò sí nínú ọkàn ẹni tó ń fúnni lómi. Inú ìdùbúlẹ̀ ẹni tó ń mu ún ló wà.

Ìmọ̀ Ọpọlọ ní Ìbàdàn
Ní ọdún 1957 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1962, E. Latunde Odeku, ọmọ ìlú Awẹ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀. Láti ọdún 1973 sí 1975, Benjamin Oluwakayode Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ forúkọ àwọn alárùn rọpárọsẹ̀ ìlú náà sílẹ̀. Àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1979. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ ìwádìí SIREN, tí Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn ṣáájú, fi alárùn 2,118 ní Nàìjíríà àti Gánà wé iye kan náà tí àrùn kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló léwájú nínú ohun tó ń fà á. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ ẹni tí àrùn ń mú àti ìdí tó fi ń mú un. Ọ̀rọ̀ ife omi, tó kàn lẹ́yìn tí aláìsàn bá là á já, òkè òkun ni púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ ti wáyé.

Láti Omi Kíki Padà sí Omi Mímọ́
Ní ọdún 1983, Jeri Logemann ti Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde lórí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ìgbémì, ó sì lo àwòrán ẹ̀rọ X-ray láti fi bí nǹkan ṣe ń gba ọ̀fun kọjá hàn. Láàárín àkókò yẹn, sísọ omi di kíki kí ó má baà sáré gbilẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1992, DePippo, Holas àti Reding gbé àyẹ̀wò tó rọrùn jáde: kí aláìsàn mu mílílítà 90 omi, kí wọ́n sì ṣọ́ ikọ́ àti ìyípadà ohùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi kíki kì í pa òùngbẹ bíi omi lásán, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń kọ̀ ọ́. Láàárín àwọn ọdún 1980, ilé ìwòsàn Frazier ní Louisville, Kentucky, bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn tó yẹ ní omi lásán lábẹ́ òfin: kí wọ́n fọ ẹnu mọ́ tónítóní, kí omi jẹ́ ti àárín oúnjẹ sí oúnjẹ, kí wọ́n má fi lo oògùn. Ìdí ni pé ara lè fa omi mímọ́ díẹ̀ tó bá ṣìnà. Oúnjẹ àti kòkòrò àrùn inú ẹnu ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ jù. Ìwádìí Susan Langmore ní ọdún 1998, lórí àgbàlagbà 189, gbe èrò yìí lẹ́yìn: gbígbára lé ẹlòmíràn fún jíjẹun àti fífọ ẹnu, pẹ̀lú eyín tó kẹ̀, wà lára àwọn àmì òtútù àyà tó lágbára jù. Ní ọdún 2008, JoAnne Robbins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí aláìsàn 515 tí wọ́n ní àrùn Parkinson tàbí ìgbàgbé ogbó. Àìtó omi nínú ara mú ènìyàn 6 nínú 100 àwọn tó ń mu ohun kíki, ó sì mú 2 péré nínú 100 àwọn yòókù. Láti ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ àgbáyé IDDSI ti ń ṣètò ìpele kíki láti 0 dé 7; sírínjì mílílítà 10 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 ni wọ́n fi ń wọn ohun mímu.

Ìtàn Yìí àti Agbo-Ilé ní Kúta
Kúta jẹ́ ìlú Òwu nítòsí Ìwó, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire. Ohun tí ìtàn yìí béèrè kò ṣàjèjì sí agbo-ilé ibẹ̀: àga, ṣíbí, pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì, àti omi mímọ́. Ilé ìdáná Yorùbá pàápàá mọ ìpele kíki, láti orí omi ògì dé ẹ̀kọ mímu títí kan ẹ̀kọ tó dì. Síbẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ ìgbémì ló yẹ kó sọ ìpele tó bá ọ̀fun kọ̀ọ̀kan mu.

Títí wọn yóò fi yẹ ọ̀fun wò, ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba ẹnu alárùn wọlé, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe àgbo. Bí wọ́n bá fún un láyè, kí ó jókòó ṣánṣán, kí ojú rẹ̀ là kedere, kí ẹnu rẹ̀ mọ́. Kí omi jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí gògóńgò sì sún sókè kí ó padà kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Bí ikọ́ bá dé tàbí tí ohùn bá yí padà, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí ibà tàbí mímí gúlegúle bá tẹ̀lé e, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tí kò lè jókòó tàbí tí oorun ń gbé lọ kò sí lára àwọn tí omi lásán yẹ. Ẹni tí wọ́n kò sì gbà láyè láti mu omi, kí wọ́n má ṣe fi òùngbẹ sílẹ̀ fún un, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ilé ìwòsàn ní ọ̀nà mìíràn láti fi omi sí i lára.

Ìkádìí
Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: ọ̀kánjúà ni àwọn àgbà fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀ràn yìí mu. Àwọn onímọ̀ ìgbémì kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn olùkọ́ pọ̀ jù wọ́n lọ, wọ́n sì wà ní ìlú tí àwọn onímọ̀ náà kò tíì dé. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń rán pé kó bu omi wá fún bàbá àgbà tó ń ṣàìsàn. Bí olùkọ́ bá ti kọ́ ọmọ náà ní èdè rẹ̀ pé kí wọ́n gbé bàbá jókòó kí ife tó dé ẹnu, ìmọ̀ tó ti Louisville àti Ìbàdàn wá ti wọ agbo-ilé nìyẹn.